Omi Mímu Ilé Wa: Èló Ló Ń Ná Wa Gan-an? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹni tó ní kànga tàbí bohóòlù nílé la kọ èyí fún, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ìpẹru. Ọ̀nà tí à ń gbà pa kòkòrò inú omi pọ̀, ẹnu àwọn tó ń tà wọ́n sì dùn. Owó ọjọ́ tí a ra ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n sábà máa ń sọ. Owó tó ń tẹ̀lé e lọ́dọọdún la fẹ́ sọ níbí.

Iye èèyàn àti iye owó wo lẹ fi ṣírò?

Ilé èèyàn 5 la mú. Lítà 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́: mímu, fífọ ẹnu, ṣíṣan èso, àti omi gààrí. Lítà 15 lójúmọ́ nìyẹn, 5,475 lọ́dún. Omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ kò sí nínú rẹ̀. Ẹ má sì fojú kékeré wo omi gààrí o. Bó ti wù kí gààrí Ìjẹ̀bú kan tó, kíkan rẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé láti pa kòkòrò tó wà nínú omi tútù tí a bù sí i.

Ní ti owó, a mú kílò gáàsì kan ní ₦1,200, yúníìtì iná kan ní ₦200, àpò pure water kan ní ₦400, ìgò bílíìṣì kékeré kan ní ₦1,000. Iye ọjà kọ́ nìyí, a kàn mú wọn kí ìṣirò lè rí ibi dúró sí ni. Ẹ yọ tiwa, kí ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò yín rọ́pò rẹ̀. Iye kílò, iye yúníìtì àti iye lítà ni kò ní yí padà, òun ló sì ṣe pàtàkì.

A kì í ra nǹkan kan ká tó se omi. Ṣé sísè kọ́ ló dín owó jù?

Rárá. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nílé, òun ló ń jẹ owó jù, torí gbogbo lítà kọ̀ọ̀kan ló ń bá a sanwó lákọ̀tun.

Kílò gáàsì kan máa ń se omi tó tó lítà 60 títí yóò fi hó, bí ìkòkò bá ní ìdérí tí afẹ́fẹ́ kò sì gbá iná kiri. Lítà 15 lójúmọ́ á jẹ kílò kan mẹ́rin-mẹ́rin ọjọ́, sílíńdà 12.5 kg á sì tán ní ọjọ́ 50, láìtíì se ọbẹ̀ kankan. Kílò 91 lọ́dún nìyẹn, nǹkan bíi ₦109,500. Kẹ́tù oníná ń jẹ nǹkan bí 0.11 yúníìtì fún lítà kan, tó máa sún mọ́ yúníìtì 600 lọ́dún, ₦120,000. Ẹni tó ń lo igi ìdáná yóò nílò igi tó tó kílò kan fún lítà kan lórí àdògán lásán. Kílò igi 15 lójoojúmọ́! Ẹ wo èéfín àti ojú tí ń ta kún un.

Ibi tí owó ń gbà ṣòfò jù ni pé omi ti hó, síbẹ̀ a fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i "kó lè jinná dáadáa". Omi kì í jinná bí iṣu. Bó bá ti ń hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú 1, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ibà jẹ̀fun-jẹ̀fun àti kọ́lẹ́rà ti kú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó lé yẹn, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ lórí iná ńlá, lè jẹ gáàsì kílò 14 lọ́dún. Odindi sílíńdà kan pẹ̀lú ènì ni èèyàn sun dànù nítorí ìyẹn.

Sísè tún ní àlébù kan. Kò fi ohunkóhun sílẹ̀ nínú omi tó máa ṣọ́ ọ. Tí a bá ti fi kọ́ọ̀bù tí ọmọ fi ọwọ́ dọ̀tí mú bu omi nínú ike, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Kẹ́ẹ̀gì tí ẹnu rẹ̀ kéré, tàbí ike tó ní ẹ̀rọ omi nísàlẹ̀, ni ká máa rọ omi sísè sí.

Bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun yìí náà ni? Ṣé kì í ṣe májèlé?

Òun náà ni, bí ó bá jẹ́ pé kò ní lọ́fíńdà, kò ní àwọ̀, wọn ò sì po ọṣẹ mọ́ ọn. Ẹ yí ìgò padà kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ *sodium hypochlorite* sí, pẹ̀lú iye tó wà nínú rẹ̀, bíi 3.5%. Ìgò tí kò kọ iye sí ara rẹ̀, ẹ fi í fọ ṣáláńgá.

Kílórìn tó wà nínú rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n fi tọ́jú omi ìlú Maidstone ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1897 nígbà tí ibà jẹ̀fun-jẹ̀fun ń pa wọ́n, ìlú Jersey City ní Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lójoojúmọ́ lọ́dún 1908. Lóòótọ́ ni pé bó bá pàdé ewé jíjẹrà àti ìdọ̀tí inú omi, àwọn kẹ́míkà mìíràn máa ń jáde, tí a kò fẹ́ kó pọ̀ nínú omi. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sẹ́ omi kó mọ́ ká tó fi kílórìn sí i. Àmọ́ ewu tó wà nínú ìyẹn kéré gan-an sí ewu omi tí a kò pa kòkòrò inú rẹ̀ rárá.

Èló ni ká fi sí kẹ́ẹ̀gì lítà 25?

Ìṣirò rẹ̀ rèé: ẹ mú iye lítà omi, ẹ fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi iye tó wà lára ìgò, ìlọ́po 10, pín in. Ohun tó bá jáde ni mìlílítà bílíìṣì.

Kẹ́ẹ̀gì 25 pẹ̀lú bílíìṣì 3.5%: 25 lọ́nà 2 jẹ́ 50, 50 tí a fi 35 pín jẹ́ 1.4. Ẹ fa mìlílítà 1 àti ààbọ̀ sínú síríǹjì tuntun tí kò ní abẹ́rẹ́, tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi. Ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Tí omi bá rú díẹ̀, ẹ fi aṣọ funfun tó nípọn, tí a ṣẹ́ sí mẹ́rin, sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi mìlílítà 3 sí i. Èyí tó rú bí omi àgbàrá, ẹ jẹ́ kó tòrò ná. Síríǹjì yẹn, bílíìṣì nìkan ni ká máa fi wọ̀n.

Ìdérí ìgò kọ́ ni ìwọ̀n o. Ìdérí ìgò bílíìṣì kan lè gba mìlílítà 5, òmíràn 10. Ibẹ̀ ni òórùn tó ń lé ọmọdé sá fún omi ti ń wá.

Owó rẹ̀ lọ́dún ńkọ́?

Gbogbo bílíìṣì tí lítà 5,475 máa lò lọ́dún jẹ́ nǹkan bíi mìlílítà 313. Kò tó ìdajì lítà! Ṣùgbọ́n ẹ má ra ẹyọ kan kí ẹ lò ó yípo ọdún, torí bílíìṣì máa ń kú. Ooru ilé wa àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń jẹ agbára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àgàgà èyí tó ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn kí ẹ tó rà á. Ẹ máa ra tuntun lẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, kí ẹ fi ti àtijọ́ fọ aṣọ. Ìgò 4 lọ́dún, ₦4,000. Ẹ fi síríǹjì méjì mẹ́ta kún un. Kò sí ohun tó ṣú lójú níbẹ̀.

HTH tí wọ́n ń tà ní kílò ńkọ́?

Fún ilé ńlá, ilé ìwé, ilé ìjọsìn tàbí òtẹ́ẹ̀lì, òun ló dára. Ó jẹ́ ìyẹ̀fun tàbí hóró funfun, kílórìn inú rẹ̀ sì máa ń tó 65 sí 70%. Kílò kan ṣoṣo, bó bá jẹ́ 65%, tó fún lítà omi 325,000.

Nítorí pé gíráàmù 3 péré ni lítà 1,000 nílò, ó ṣòro láti wọ̀n. Ẹ ṣe omi ìpìlẹ̀: gíráàmù 15 HTH sínú lítà omi 1 nínú ìgò tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀. Ẹ jẹ́ kí èérí rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, omi tó mọ́ lókè ni kí ẹ máa lò. Mìlílítà 5 rẹ̀ fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25, mìlílítà 200 fún táǹkì lítà 1,000. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ lò ó tán, kí ẹ po òmíràn.

Ewu rẹ̀ ju ti bílíìṣì lọ. HTH tí epo bẹntiróòlù, kẹrosíìnì, òróró tàbí ọ̀rá kàn lè gbiná fúnra rẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Òun ni kí ẹ máa dà sínú omi. Ẹ má ṣe da omi lé e lórí. Yálà òun ni o, yálà bílíìṣì ni o, ẹ má ṣe pò ó mọ́ oògùn ìfọ-ṣáláńgá tó ní ásíìdì, torí gáàsì tó máa jáde ń fún èèyàn lọ́rùn pa. Ẹ tún yé fi ṣíbí inú ilé ìdáná bù ú. Ó ń jẹ irin.

A fi kílórìn sí omi bohóòlù wa, ló bá di àwọ̀ tíì. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Irin ló wà nínú omi yẹn. Èyí wọ́pọ̀ lọ́pọ̀ àdúgbò wa. Omi á jáde láti ẹnu ẹ̀rọ mọ́ gaara, wọ́n á pọn ọ́n sínú bókẹ́ẹ̀tì funfun, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti pọ́n rúsúrúsú, ó sì ti fi ìlà pupa yí ara bókẹ́ẹ̀tì ká. Afẹ́fẹ́ ló sọ irin tó yọ́ sínú omi di ìpẹtà. Kílórìn ń ṣe iṣẹ́ yẹn kíá ju afẹ́fẹ́ lọ, ìyẹn lẹ ṣe rí àwọ̀ tíì lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó yẹ kó dùn wá níbẹ̀ kọjá àwọ̀. Mìlígíráàmù irin 1 ń jẹ nǹkan bí 0.6 mìlígíráàmù kílórìn. Omi tí irin inú rẹ̀ tó mìlígíráàmù 3 nínú lítà kan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo mìlígíráàmù 2 kílórìn tí a fi sí lítà náà, kòkòrò á sì jókòó pẹ̀sẹ̀. Ẹni náà á máa sọ pé òun ń lo kílórìn, inú ń run àwọn ọmọ.

Irin ni ká kọ́kọ́ lé. Ọ̀nà tó dín owó jù ni kí omi wọ táǹkì láti òkè bí òjò: ẹ fi páìpù PVC tí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí lára, tàbí orí ṣáwà, sí ibi tí omi ti ń dà wọlé, kó lè pàdé afẹ́fẹ́. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ẹ̀rọ tí ẹ ń fà á láti inú táǹkì, kó wà ní sẹ̀ǹtímítà 15 sókè ìsàlẹ̀, kí èérí lè dúró sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gba inú asẹ́ oníyanrìn kọjá. Bí omi bá kan jù, tí pH rẹ̀ wà nísàlẹ̀ 6.5, irin kì í tètè yọ, omi kíkan náà ló sì ń jẹ páìpù onírin lulẹ̀, tó tún ń fi irin kún irin. Ẹ lo PVC. Ìgbà tí ẹ bá ti ṣe èyí tán ni kí ẹ wá ra ohunkóhun tó ń jẹ́ ẹ̀rọ.

Wọ́n ní UV, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ pa kòkòrò inú omi, ló dára jù, pé kò ní òórùn, kò sì ní kẹ́míkà. Kí lẹ rí sí i?

Ohun rere ni, fún ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí ló ń ba inú kòkòrò jẹ́ kó má lè bímọ mọ́. Ó tún ń pa *Cryptosporidium*, kòkòrò olókòtó líle tí kílórìn tí à ń fi sómi kì í ràn.

Owó rẹ̀ rèé. Gílóòbù kékeré 16 W tó ń tàn tọ̀sán-tòru ń jẹ yúníìtì 140 lọ́dún, ₦28,000. Gílóòbù fúnra rẹ̀ ní wákàtí 9,000, ọdún kan àti ọjọ́ díẹ̀. Ká mú un ní ₦25,000. Káátíríìjì asẹ́ 5 máíkírọ́ọ̀nù tó wà níwájú rẹ̀ ń lọ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́rin lọ́dún, ₦3,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ di ₦65,000 lọ́dún, láìka owó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

Gílóòbù ni wọ́n fi ń tan ara wọn jẹ. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ṣì ń tàn búlúù. Pọ́lọ́ḿbà á yọjú wò ó, á ní "ó ṣì ń ṣiṣẹ́". Búlúù tí ojú ń rí yẹn kọ́ ló ń pa kòkòrò. Èyí tó ń pa á ti rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi gílóòbù sí i sára ògiri pẹ̀lú máákà, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá pé ọdún, bó tiẹ̀ ń tàn bí oṣù. Ẹ má sì fojú ìhòòhò wo iná náà.

Wàhálà kejì ni iná mànàmáná. Bí iná bá lọ tí omi táǹkì ṣì ń ṣàn wálẹ̀, omi tí a kò pa nǹkan kan nínú rẹ̀ ni ẹ ń mu, kò sì ní òórùn tàbí àwọ̀ tó máa sọ fún yín. Fáàfù oníná tó ń ti omi pa fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ pọn dandan. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà mẹ́wàá lójúmọ́ tún ń gé ẹ̀mí gílóòbù kúrú. Ẹni tó bá fẹ́ UV níbí, kó ní ínfátà tàbí sólà, kó sì ka owó bátìrì tó máa kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀ mọ́ owó omi.

Ṣágámù là ń gbé. Ẹfun ń bo inú kẹ́tù wa. Ṣé ó kan UV náà?

Ó kàn án gan-an. Òkúta ẹfun tó mú ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wá sí Ṣágámù náà ni omi abẹ́ ilẹ̀ ń gbà kọjá láwọn ibì kan níbẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tù yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀pá gíláàsì tó bo gílóòbù UV pẹ̀lú, yóò sì dà bí aṣọ òjìji níwájú iná. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ pa iná, ẹ ti omi pa, ẹ fa ọ̀pá gíláàsì náà jáde pẹ̀lẹ́, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí a rẹ sínú ọtí kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún títí yóò fi mọ́ gaara, kí ẹ sì ṣàn án. Ọwọ́ tó lọ́ràá má ṣe kan gílóòbù. Ọ̀pá náà máa ń tètè fọ́. Ẹ ní ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀.

Omi Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, tí wọ́n wà lórí àpáta líle, kì í sábà ní wàhálà ẹfun báyìí. Ẹ má kàn fi ohun tí ará Ṣágámù sọ ra ẹ̀rọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Láàbù ni kí ẹ gbé omi yín lọ: irin, pH, líle omi, àti kòkòrò. Owó àyẹ̀wò kan ṣoṣo yẹn lè gba ọ̀kẹ́ àìmọye owó sílẹ̀ fún yín.

Asẹ́ alámọ̀ ńkọ́, èyí tó dà bí àbẹ́là funfun?

A fẹ́ràn rẹ̀. Omi ń gba inú ihò tó kéré ju bakitéríà lọ, kò fẹ́ iná, kò fẹ́ gáàsì. Ó lọ́ra, lítà 1 sí 2 ní wákàtí kan fún àbẹ́là kan, nítorí náà méjì ni kí ẹ fi sínú ike rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kéré ju ihò rẹ̀ lọ, ó lè kọjá. Ẹ fi bílíìṣì díẹ̀ tẹ̀lé e.

Bí omi bá ti ń kán tó... tó... tó, èérí ló dí i. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ha á lábẹ́ omi tó ń ṣàn. Ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án, torí adùn ọṣẹ á wọnú rẹ̀ kò sì ní jáde mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ha á, ó ń tín-ín-rín. Àmì tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni pé asẹ́ tó ti lọ́ra tẹ́lẹ̀ ṣàdédé yára. Ayọ̀ kọ́ nìyẹn: ó ti sán. Àbẹ́là méjì lọ́dún, ká mú wọn ní ₦12,000.

RO ńkọ́, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti omi gba inú awọ kọjá?

Ẹ gbàgbé rẹ̀, àfi bí omi kànga yín bá ń ta iyọ̀ létí ọ̀sà. Fún lítà 1 tó mọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ RO ilé ń da nǹkan bíi lítà 3 nù. Ó fẹ́ pọ́ọ̀ǹpù, asẹ́ rẹ̀ ń lọ lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, awọ inú rẹ̀ ń lọ lọ́dún méjì sí mẹ́ta. Ìjẹ̀bú kì í náwó lórí ohun tí kò rí ìdí rẹ̀.

Wọ́n ní oòrùn náà ń pa kòkòrò.

Lóòótọ́ ni. Ẹ rọ omi tó mọ́ gaara sínú ìgò ike aláìláwọ̀ tí kò ju lítà 2 lọ, ẹ gbé e sórí páànù nínú oòrùn fún wákàtí 6. Bí ìkùukùu bá bo ju ìdajì ojú ọ̀run lọ, ọjọ́ 2 gbáko. Ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ nínú oṣù Keje, tí òjò ń rọ̀ lẹ́yìn òjò, kò sí oòrùn tí ẹ fẹ́ gbójú lé.

Ṣé kò sàn ká máa ra pure water lọ ná?

Àpò kan jẹ́ ọ̀rá 20, sẹ̀ǹtílítà 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan, lítà 10. Ilé èèyàn 5 á mu àpò kan àti ààbọ̀ lójúmọ́, 547 lọ́dún. ₦219,000. Òun ló wọ́n jù nínú gbogbo wọn, ọ̀rá tó ń dí gọ́tà kò sí nínú owó yẹn. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ má sì ra èyí tó ti sùn nínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ fún wa, ọdún mẹ́wàá.

Pure water, ₦2,190,000. Kẹ́tù oníná, ₦1,200,000. Gáàsì, ₦1,095,000. UV, ₦650,000, ẹ fi owó ẹ̀rọ kún un. Bí ìyẹn bá jẹ́ ₦150,000, ó di ₦800,000, ìyẹn bí ẹ bá ti ní ínfátà tẹ́lẹ̀. Asẹ́ alámọ̀, ₦120,000, ẹ fi owó ike rẹ̀ kún un. Bílíìṣì nìkan, ₦40,000.

Ti UV fẹ́ àlàyé díẹ̀. Ilé kan tó ń mu lítà 15 ń san owó kan náà pẹ̀lú òtẹ́ẹ̀lì tó ń lo lítà 2,000 lójúmọ́, torí gílóòbù ń tàn bákan náà. Tí a bá pín in, lítà kan òtẹ́ẹ̀lì kò tó kọ́bọ̀ 10, ti ilé yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦12. Ohun tó ń jèrè fún ẹnì kan lè jẹ́ àdánù fún aládùúgbò rẹ̀.

Ohun tí àwa máa yàn fún ilé elénìyàn márùn-ún ni asẹ́ alámọ̀ pẹ̀lú bílíìṣì. Bí ọmọ ìkókó tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò lókun láti bá àrùn jà bá wà nílé, ẹ se tirẹ̀ nìkan sọ́tọ̀. Lítà 2 lójúmọ́ kò ní pa sílíńdà yín.

Ilé ayálégbé ni, yàrá 8, táǹkì kan. Ta ló máa fi kílórìn sí i?

Ẹnì kan ṣoṣo, tí gbogbo ilé mọ̀. Bí ẹni méjì bá ń ṣe é, ọjọ́ kan á ní ìlọ́po méjì, ọjọ́ kejì á lọ òfìfo. Mìlílítà 57 bílíìṣì 3.5% fún lítà 1,000. Ìgbà tí omi bá ń wọ táǹkì lọ́wọ́ ni kó dà á sí i, kó lè pò fúnra rẹ̀. Kó ṣe é nírọ̀lẹ́, torí táǹkì tó wà nínú oòrùn ń gbóná, ooru sì ń lé kílórìn.

Kó ra ohun èlò àyẹ̀wò kílórìn, irú tí wọ́n ń lò fún omi ìlúwẹ̀ẹ́, tó ń lo hóró DPD. Omi á pọ́n bí omi sóbò. Kó bu omi ní ẹnu ẹ̀rọ tó jìnnà jù, lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó sì fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti ara páálí. Ó yẹ kó wà láàárín mìlígíráàmù 0.2 sí 0.5 nínú lítà kan. Bí kò bá yí àwọ̀ rárá, yálà bílíìṣì ti kú, tàbí irin ló ń jẹ ẹ́.

Kànga wa kún fún omi àgbàrá lẹ́yìn òjò. Báwo la ṣe máa fọ̀ ọ́?

Ẹ kọ́kọ́ fa omi náà jáde títí tí èyí tó ń sun yóò fi mọ́. Ẹ wọn ìbú kànga àti jíjìn omi. Kànga tó fẹ̀ ní mítà 1, tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà 3, ní nǹkan bíi lítà 2,350. Gíráàmù 180 HTH 65% ló nílò. Ẹ pò ó nínú bókẹ́ẹ̀tì omi, ẹ jẹ́ kí èérí rọ̀, kí ẹ da èyí tó mọ́ yí ara ògiri kànga ká, kí ẹ sì fi bókẹ́ẹ̀tì fa omi náà kí ẹ tún dà á padà nígbà bíi mẹ́wàá kó lè pò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú kànga. Ẹ dé e fún wákàtí 12. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fa omi nù títí òórùn á fi lọ, ṣùgbọ́n ẹ má dà á sí odò ẹja tàbí ìdí ẹ̀fọ́.

Èyí kò dípò kílórìn ojoojúmọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti tán. Bí kànga kò bá ní ìdérí, tí kò ní sìmẹ́ńtì yíká ẹnu, tàbí tí ṣáláńgá àti sókàwéè kò jìnnà sí i tó mítà 30, ẹ̀ẹ̀kan sí i lẹ máa fọ̀ ọ́ lẹ́yìn òjò tó ń bọ̀. Owó ìdérí ni kí ẹ kọ́kọ́ ná.

Álọ́ọ̀mù tí ìyá wa ń fi sínú àmù ńkọ́?

Ó ń mú kí omi tòrò, kò pa kòkòrò. Ó dára ṣáájú bílíìṣì, torí omi tó tòrò kì í jẹ kílórìn púpọ̀. Ẹ rọra da omi tó mọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ fi èérí sílẹ̀, kí ẹ tó mú síríǹjì.

Gílóòbù UV fọ́ sílẹ̀. Ṣé a lè fi ìgbálẹ̀ gbá a?

Ẹ má gbá a. Mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, ìgbálẹ̀ á sì tú u ká. Ẹ ṣí fèrèsé, kí àwọn ọmọ jáde, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi páálí líle kó àfọ́kù rẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nu ibẹ̀, kí ẹ kó aṣọ, páálí àti àfọ́kù sínú ìgò tó ní ìdérí, kí ẹ sì dé e pa.